Bí Áàpù Ṣe Ń Wọ Inú Mẹ́mọ́rì Káàdì

Ní Aminu Kano Crescent ní Wuse 2, l'Abuja, Emab Plaza àti Banex Plaza múlé ti ara wọn. Ibẹ̀ ni ará ìlú ń gbé fóònù lọ tí ojú rẹ̀ bá fọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra tuntun àti tòkúnbọ̀. Lórí tábìlì àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ṣájà, íápíìsì àti gíláàsì ojú fóònù, mẹ́mọ́rì káàdì kì í wọ́n: pẹlẹbẹ dúdú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 11, tí nínípọn rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. iPhone kò ní ihò rẹ̀ rí. Samsung náà ti yọ ihò yẹn kúrò lára àwọn Galaxy S láti ìgbà tí S21 ti jáde ní 2021. Ṣùgbọ́n Tecno, Infinix àti itel, tí ilé iṣẹ́ Transsion ti Shenzhen ń ṣe, tí wọ́n sì kún ọwọ́ àwọn èèyàn láti Nyanya dé Gwagwalada, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ní in.

Ẹni tó ń kọ áàpù nínú ọ́fíìsì tí éésì ń fẹ́ ní Maitama, tó ń lo fóònù 256GB, kì í sábà rántí pé káàdì yìí wà. Ẹni tó máa lo áàpù náà ní Abaji rántí dáadáa, nítorí fóònù tirẹ̀ kò ju 32GB lọ, Android fúnra rẹ̀ àti WhatsApp sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kó tó kọ kóòdù kankan: fáìlì tí mo fẹ́ kà tàbí tí mo fẹ́ kọ yìí, ta ló ni ín? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pinnu ọ̀nà tí Android máa jẹ́ kí áàpù gbà dé orí káàdì.

Ọ̀wọ́n dátà wà lára ohun tó jẹ́ kí káàdì ṣì níyì. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama kan náà, fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹni tí owó dátà ń wọ̀ lọ́rùn kì í dáńlóòdù ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní. Á gba káàdì ọ̀rẹ́ rẹ̀, á kó orin, wáàsí tàbí fíìmù tó wù ú, á dá a padà. Àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà létí ọjà, tí wọ́n ń gbowó kó orin sórí mẹ́mọ́rì fún èèyàn, ti wà láti ayé Nokia. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà kan, gba orin tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Kidal, lápá àríwá Mali, ó sì gbé àwo jáde nínú rẹ̀ ní 2011, Music from Saharan Cellphones. Púpọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan, kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí káàdì ni wọ́n ń gbé.

Àwọn tó lo Nokia onísímbíánì kò ní gbàgbé lẹ́tà méjì: C: ni fóònù fúnra rẹ̀, E: ni káàdì. Ẹni tó ń kọ áàpù Java fún irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń lo ìlànà JSR-75, tó jáde ní 2004, adírẹ́sì rẹ̀ sì máa ń dà bí file:///E:/. Ó yé tọmọdé tàgbà. Àléébù rẹ̀ ni pé áàpù tí ilé iṣẹ́ ńlá kò bá buwọ́ lù, fóònù á máa dá a dúró: ṣé kó kà á? Ṣé kó kọ ọ́? Ó ń bèèrè fún fáìlì kan, ó tún ń bèèrè fún èkejì, títí tí èèyàn á fi pa áàpù náà tì.

Fóònù Android àkọ́kọ́, T-Mobile G1, jáde ní 2008 pẹ̀lú ihò káàdì. /sdcard ni wọ́n so káàdì mọ́, ohun tó bá sì wà níbẹ̀, gbogbo áàpù ló lè kà á. Ìgbà tí Android 1.6 dé ní 2009 ni áàpù tó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àṣẹ. Nígbà tó fi máa di 2011, ààyè inú fóònù ti ń tóbi. Android wá ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń ṣe é bíi pé káàdì ni, orúkọ /sdcard sì bá a lọ. Káàdì gan-an di ìkejì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú: /mnt/extSdCard lọ́dọ̀ Samsung, /mnt/external_sd lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, /storage/sdcard1 níbòmíràn. Kóòdù tó kún fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tó ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan bóyá èyí tó bá a mu á jẹ́, ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì ń kó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o. Títí dòní, getExternalStorageDirectory() kì í mú èèyàn dé orí káàdì. /storage/emulated/0 ló ń dá padà, inú fóònù sì nìyẹn. Android 10 ti ní kí a yé lò ó.

Abuja ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́fíìsì Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún Ààrẹ lórí àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè (MDG), tí Amina Mohammed, tó di igbákejì Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2017, darí fún ọdún díẹ̀, wà lára àwọn tó fi fóònù Android ka ohun tí ìjọba ní. NMIS ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Àwọn akọ̀wé gbé fóònù lọ sí ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba àmì ibi tí ó wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè lọ bẹẹrẹ. Columbia University ní New York ló bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, orí ODK ni wọ́n sì gbé e kà, áàpù ọ̀fẹ́ tí Gaetano Borriello àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní University of Washington bẹ̀rẹ̀ ní 2008.

Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, ODK kì í dúró dè é. Nígbà náà, ó ń to ìdáhùn sí /sdcard/odk/instances, fódà kan fún ìbẹ̀wò kan, fáìlì XML kan nínú rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí akọ̀wé bá padà dé ìlú, ó lè fi wáyà kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà náà rọrùn, ó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu: áàpù mìíràn lórí fóònù yẹn, ì báà jẹ́ eré orí fóònù lásán, lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́. Ní 2020, nígbà tí òfin tuntun Android ń bọ̀ lọ́nà, ODK kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní gbangba yẹn lọ sínú Android/data/org.odk.collect.android. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn akọ̀wé níṣẹ́ nígbà náà mọ bí ìbéèrè náà ṣe pọ̀ tó: "Ọ̀gá, fódà odk dà?"

Òfin náà kò ṣàdédé dé. Ní òpin oṣù kẹwàá 2013, Android 4.4 ti káàdì pa: áàpù lè kọ nǹkan sí fódà tirẹ̀ lórí káàdì, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibòmíràn níbẹ̀. Áàpù tí èèyàn fi ń to fáìlì, tó ń kó orin sórí káàdì láìsí wàhálà lánàá, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kò láṣẹ. Ariwo sọ, àwọn tó kọ áàpù ló sì jẹ èébú rẹ̀. Lójú tèmi, Google jàre lórí ìpinnu náà, wọ́n sì jẹ̀bi lórí bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí odindi ọdún kan kọjá kí Android 5.0 tó fún áàpù ní ọ̀nà tó lè gbà bẹ̀bẹ̀ fún fódà kan lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù. Android 10, ní 2019, wá na ọwọ́ òfin náà dé ààyè inú fóònù pẹ̀lú, Android 11 sì sọ ọ́ di dandan fún áàpù tuntun.

Ó yẹ ká padà sórí ìbéèrè wa wàyí. Tó bá jẹ́ áàpù fúnra rẹ̀ ló ni fáìlì náà, ọ̀rọ̀ kò le rárá. Android fún áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé onífóònù, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lórí káàdì, kò sì ní láti tọrọ àṣẹ kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Ẹ so fóònù kan tó ní káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní kí áàpù yín tẹ èsì getExternalFilesDirs(null) jáde. Ìlà méjì ló máa wá, bí irú èyí:

/storage/emulated/0/Android/data/ng.apeere.akosile/files
/storage/3A1F-0C22/Android/data/ng.apeere.akosile/files

Èkejì ni káàdì. 3A1F-0C22 yẹn ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀, ti káàdì kan kò sì bá ti òmíràn mu. Tí ẹnìkan bá tún un fọ́máàtì, nọ́ńbà á yí padà, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ mọ́ inú kóòdù tàbí tó fi pamọ́ sínú dátábéèsì bí adírẹ́sì tí kò ní yẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí áàpù bá ṣí. Èsì náà sì lè jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, tàbí kí ìkejì jẹ́ null, torí káàdì lè wà nínú ihò kó má tíì ṣe tán. Ẹ fi isExternalStorageRemovable() bèèrè bóyá ohun tó ṣeé yọ ni lóòótọ́, kí ẹ má kàn gbà pé èyí tó wà ní ipò kejì ni.

Ohun kan wà nípa yàrá yìí tí kì í yé oníbàárà, tó sì yẹ kí ẹni tó kọ áàpù sọ fún un: tí ẹ bá yọ áàpù kúrò lórí fóònù, Android á kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀ dànù. Gálárì kì í rí fọ́tò tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ orin kì í rí orin tó wà níbẹ̀. Máàpù, ìbéèrè ìwádìí, fídíò ẹ̀kọ́ tí a lè tún dáńlóòdù: ibẹ̀ yẹ wọ́n. Àwòrán ìgbéyàwó ọmọ èèyàn kò yẹ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ orin, fọ́tò tàbí fídíò tó yẹ kí áàpù mìíràn rí, MediaStore ni ọ̀nà. Ká sọ pé áàpù yín ń gba wáàsí sílẹ̀, ẹ sì fẹ́ kí ẹni tó ni fóònù lè fi ẹ̀rọ orin èyíkéyìí gbọ́ ọ, tàbí kó gbé káàdì sínú rédíò ọkọ̀ rẹ̀. Láti Android 10, getExternalVolumeNames() á ka àwọn ibi ìpamọ́ tó wà fún yín: external_primary ni inú fóònù, èkejì á sì jẹ́ nọ́ńbà káàdì tí a ti rí yẹn, ní lẹ́tà kékeré, 3a1f-0c22. Ẹ yan ìkejì, ẹ kọ Music/Waasi sí RELATIVE_PATH, kí ẹ sì fi IS_PENDING sí 1 títí tí ẹ ó fi kọ ọ́ tán. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ 1, áàpù mìíràn kò ní rí i. Tí ẹ bá dá a padà sí 0, ó di ti gbogbo ayé. Ohun tí áàpù yín fúnra rẹ̀ kó síbẹ̀, ẹ lè tún un ṣe tàbí kí ẹ pa á rẹ́ fàlàlà. Tó bá jẹ́ ti áàpù mìíràn, Android 11 ní kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ, ẹni tó ni fóònù á sì rí ohun tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kó tó gbà. Láti Android 13, ní 2022, àṣẹ kíkà pàápàá ti pín sí mẹ́ta: ti fọ́tò lọ́tọ̀, ti fídíò lọ́tọ̀, ti ohùn lọ́tọ̀. Áàpù wáàsí tó bá ń tọrọ àṣẹ fọ́tò, ó yẹ kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Èyí tó kù ni ìwé, PDF, Excel, àti fódà tí onífóònù ti tò kalẹ̀ kí áàpù yín tó dé. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹni tó ra káàdì ló ni ohun tó wà lórí rẹ̀, áàpù kò sì ní ẹ̀tọ́ láti máa tú u wò láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Iṣẹ́ ACTION_OPEN_DOCUMENT_TREE nìyí. Áàpù á ṣí ojú ewé tí Android fúnra rẹ̀ ṣe, onífóònù á wọ káàdì rẹ̀ níbẹ̀, á yan fódà, á tẹ "Use this folder", á tún tẹ "Allow". Ohun tí áàpù máa gbà kì í ṣe adírẹ́sì tí a lè fi File() ṣí, content:// gígùn kan ni, tí nọ́ńbà káàdì àti orúkọ fódà wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń gbìyànjú láti gé e, kí wọ́n fi /storage/ síwájú rẹ̀, kí wọ́n lè máa bá ìwà àtijọ́ lọ. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí wọ́n fi dán an wò, kó sì kọ̀ lórí ti oníbàárà.

Ibi mẹ́ta ni ọ̀nà yìí ti ń dá àwọn èèyàn lágara. Wọ́n ń gbàgbé takePersistableUriPermission(), nítorí náà tí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n tún un tàn, àṣẹ ti lọ, áàpù á tún máa bèèrè bí Nokia ayé ọjọ́sí. Wọ́n ń fi DocumentFile ka fódà tó ní ẹgbẹ̀rún orin, tí yóò máa bèèrè orúkọ lọ́tọ̀, bèèrè ìwọ̀n lọ́tọ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan, títí tí fóònù 2GB á fi dákẹ́; ìbéèrè kan ṣoṣo sí DocumentsContract á kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta ni pé láti Android 11, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, èèyàn kò lè yan gbogbo káàdì mọ́, àfi fódà kan nínú rẹ̀. "Use this folder" á kú, oníbàárà á rò pé káàdì òun ló bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí ojú áàpù kí ojú ewé yẹn tó ṣí: "Ẹ yan fódà kan, tàbí kí ẹ dá tuntun sílẹ̀."

Ọ̀nà kẹrin wà, MANAGE_EXTERNAL_STORAGE, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gbogbo káàdì sílẹ̀. Áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ títo fáìlì, ṣíṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tàbí lílé kòkòrò ló wà fún, Google Play sì máa ní kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ tó ń tọrọ rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n.

Àṣẹ kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ìdajì kejì ni pé káàdì lè kúrò nígbàkígbà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà wa, ike kan náà ni síìmù àti káàdì jọ ń gbé. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ síìmù torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò dé Kwali á fa méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní kọ́kọ́ wọ Settings lọ tẹ "Eject". Tí áàpù bá ń kọ nǹkan lọ́wọ́ nígbà yẹn, fáìlì á gé ní àárín. FAT32, tí wọ́n fi ń fọ́máàtì káàdì tó dé 32GB, àti exFAT ti àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní àkọsílẹ̀ kankan tó ń rántí iṣẹ́ tí kò tíì parí, nítorí náà ó lè ba àtòjọ fódà jẹ́ pẹ̀lú, kí ohun tí ẹ kò fọwọ́ kan bá a lọ. Bí èèyàn bá sì tẹ "Eject" pàápàá, Android á pa áàpù tó bá ṣì di fáìlì kan mú lórí káàdì, láìbìkítà ohun tó ń ṣe.

Ohun tí mo fara mọ́ nìyí. Dátábéèsì kò gbọdọ̀ kúrò nínú fóònù. Káàdì kì í ṣe ibùgbé SQLite. Ìdáhùn ìwádìí tàbí àkọsílẹ̀ aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí káàdì. Ẹ̀dà náà, ẹ fi orúkọ ìgbà díẹ̀ kọ ọ́, ẹ pe sync() kó lè dé orí káàdì ní tòótọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún un ní orúkọ rẹ̀. Fáìlì tó bá ṣì ń jẹ́ .tmp nígbà tí áàpù tún ṣí, pàǹtírí ni, ẹ pa á rẹ́. Ẹ máa tẹ́tí sí ACTION_MEDIA_EJECT, kí ẹ pa gbogbo ohun tó ṣí dé kíá. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bi getExternalStorageState() léèrè: mounted nìkan ló túmọ̀ sí ẹ máa bọ̀. mounted_ro ní ẹ lè kà, ẹ kò lè kọ. bad_removal ní wọ́n ti fà á yọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún rántí pé FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ, ì báà ku 20GB lórí káàdì. Áàpù tó ń gba fídíò ìpàdé sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa gé e sí wẹ́wẹ́.

Káàdì ayédèrú ńkọ́? Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ áàpù, ṣùgbọ́n òun ni oníbàárà máa ń dá lẹ́bi. Nínú káàdì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó ń sọ fún fóònù iye tí káàdì náà gbà. Andrew "bunnie" Huang, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, tú irú káàdì bẹ́ẹ̀ wò ní 2010, ní 2013 ó sì fi hàn pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, níbi ìpàdé kan ní Jámánì, pé a lè yí ohun tí kọ̀ǹpútà kékeré náà ń sọ padà. Ohun tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń ṣe kò jìnnà sí i: wọ́n á mú káàdì 8GB, wọ́n á ní kó máa pe ara rẹ̀ ní 64GB, wọ́n á tẹ 64 sí i lẹ́yìn. Gígà mẹ́jọ àkọ́kọ́ á lọ geere. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì á máa ní òun ń gbà, kò sì gba nǹkan kan, tàbí kó máa kọ tuntun lórí ti àtijọ́. Kò sí àṣìṣe kankan tí Android máa rí. Tí iṣẹ́ yín bá ṣe pàtàkì, ẹ ka fáìlì padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ fi SHA-256 rẹ̀ wé ti àtẹ̀yìnwá, kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tó ṣì wà lórí mẹ́mọ́rì inú fóònù lè dáhùn dípò káàdì. Lórí kọ̀ǹpútà, H2testw fún Windows àti F3 fún Linux á sọ òtítọ́ káàdì ní wákàtí díẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún káàdì fún àwọn akọ̀wé rẹ̀ yẹ kó dán èyí wò kó tó sanwó.

Ààbò náà tún wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà lórí káàdì, ẹnikẹ́ni tó bá fà á yọ lè kà á lórí kọ̀ǹpútà, yàrá áàpù tàbí gbangba, kò yàtọ̀. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 ti jẹ́ kó di ọ̀ranyàn fún ẹni tó bá kó orúkọ àti ìlera àwọn èèyàn jọ láti dáàbò bò ó, "káàdì ló sọ nù" kò sì ní jẹ́ àwáwí. Ẹ fi AES pa á mọ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú Keystore fóònù, kó má bá káàdì rìn. Ẹ má sì gba ohun tó wà lórí káàdì gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹjọ 2018, iléeṣẹ́ Check Point fi hàn bí áàpù kan ṣe lè yí fáìlì tí áàpù mìíràn gbé sí ìta padà. Ní oṣù kan náà ni Google rí irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí Epic Games fi ń gbé eré Fortnite sórí Android, tí áàpù mìíràn fi lè pààrọ̀ eré náà kí wọ́n tó gbé e wọlé. Android 6.0, ní 2015, mú ọ̀nà kan wá tó ń sọ káàdì di ara fóònù pátápátá, tó ń tì í pa débi pé fóònù mìíràn kò lè kà á. Ó dára fún ààbò. Níhìn-ín tí káàdì ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, èèyàn díẹ̀ ló máa fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fóònù sì ti yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má fi fóònù yín nìkan dán an wò. Ẹ ra itel tàbí Tecno tó rẹlẹ̀ jù tí ẹ bá rí, kí ẹ fi káàdì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún sí i. Láti orí kọ̀ǹpútà, adb shell sm list-volumes á fi orúkọ káàdì hàn yín, bíi public:179,65. adb shell sm unmount pẹ̀lú orúkọ yẹn á yọ ọ́ nígbà tí áàpù ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ fà á yọ ní tòótọ́, torí àwọn méjèèjì kò rí bákan náà.

Kí ẹ wá wo ohun tí áàpù sọ. "java.io.IOException: write failed: EIO" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ìyá tó ń kọ orúkọ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Kuje. Kó kà pé: "Mẹ́mọ́rì ti yọ. Iṣẹ́ yín ṣì wà lórí fóònù. Ẹ dá mẹ́mọ́rì padà, a ó kó o lọ síbẹ̀." Tí káàdì bá sì kún, kó sọ iye MB tó kù, kó to fáìlì tó tóbi jù nínú èyí tí òun fúnra rẹ̀ kó síbẹ̀, kó bèèrè èyí tí ìyá náà fẹ́ pa rẹ́. Àwọn tó kù lórí káàdì, kó má dárúkọ wọn.